Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọ́lé sí fàráńdà wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ fi ẹrẹ̀ mọ ìtẹ́ sí òkè fàráńdà wa lẹ́yìn Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Ìgbẹ́ wọn ń ba ilẹ̀ jẹ́. Bàbá Ìbejì ní àwọn máa fi ọ̀pá wó o.
— Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n gbé ọ̀pá sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ yìí ń bẹ lókè fèrèsé tèmi náà. Ẹrẹ̀ wóróbo bí ẹ̀wà ni wọ́n ń fẹnu kó wá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró wò wọ́n títí ọbẹ̀ mi fi jóná. Ẹyin á pa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2, àwọn ọmọ á fò ní bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn náà. Ẹ kan páálí sábẹ́ ìtẹ́ náà kó máa gba ìgbẹ́. Kòkòrò tó ń fò ni oúnjẹ wọn.