Téńpírétọ̀ mọ́tò mi máa ń gòkè nínú go-slow, ṣé kúláǹtì ni?

Ó lè má jẹ́ kúláǹtì (omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù) o. Tó bá jẹ́ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland nìkan ló ti ń gòkè, tó sì ń wálẹ̀ tẹ́ẹ bá ti ń sáré, fáànù rediétọ̀ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí tí mọ́tò bá ń lọ, atẹ́gùn ojú ọ̀nà ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ tan AC kẹ́ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ mọ́tò ni fáànù ẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í yí; tí tiyín ò bá yí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun.

Kúláǹtì ní tiẹ̀, àárọ̀ kùtù kẹ́ẹ tó sítáàtì lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ṣí rediétọ̀ tó gbóná o jàre, omi inú ẹ̀ lè ju 100°C lọ, á bó yín lójú. Ike ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ẹ wò, kí kúláǹtì wà láàárín MIN àti MAX, kẹ́ẹ wá bu díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù funfun. Tó bá pọ́n bí omi irin tó dípẹtà, ẹ dà á nù, ẹ fọ inú rediétọ̀. Tí epo bá léfòó lójú ẹ̀, gasket (èyí tó dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀) ni mo máa fura sí, ẹ má wà á lọ síbì kankan.

Omi kànga ni mẹkáníìkì kan ń bù sí tèmi ní Yaba, ọjọ́ tá a tú u, ẹrẹ̀ pupa ló ń dà jáde bí ọbẹ̀. Ẹ ra kúláǹtì gidi, èyí tó bá ki, ẹ pò ó pọ̀: omi distilled ìdajì, kúláǹtì ìdajì.