Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mú kí ẹ̀jẹ̀ dì sí mi lẹ́sẹ̀: ṣé mo lè pe iléeṣẹ́ tó ṣe é lẹ́jọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, agbẹjọ́rò wa. Ọmọ ọdún 31 ni mí, n kì í mu sìgá. Oṣù keje rèé tí mo ti ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, èyí tó ní estrogen àti drospirenone nínú (èròjà méjì tó ń ṣiṣẹ́ bíi hómóònù inú ara obìnrin), kí ẹsẹ̀ òsì mi tó wú lójijì. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sínú iṣan ibẹ̀, dókítà sì ní kí n jáwọ́ nínú oògùn náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìpolówó kan pé owó gbà-má-bínú ńlá wà fún irú wa. Mo ti kọ orúkọ sí fọ́ọ̀mù wọn. Ṣé oògùn yìí ló fà á lóòótọ́? Ṣé mo lẹ́jọ́ lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Kí n tó dé orí òfin: bí èémí bá há yín lójijì, tí àyà ń dùn yín, tàbí tí ẹ wúkọ́ tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sẹ́sẹ̀ lè já, kó gba inú iṣan wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ti ń pani.

Ó ṣeé ṣe dáadáa pé oògùn náà ló fà á. Estrogen inú rẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, ọdún àkọ́kọ́ téèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni ewu náà sì máa ń pọ̀ jù. Nínú obìnrin 10,000 tí kò lò ó tí kò sì lóyún, 1 sí 5 ni ẹ̀jẹ̀ ń dì sí lára lọ́dún kan. Nínú àwọn tó ń lò ó, 3 sí 9 ni. Ti aláboyún ju ìyẹn lọ, 5 sí 20. Ẹ má rò pé mo ń gbèjà oògùn. Àwọn iye yìí gan-an ni agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ náà máa kà sétí adájọ́, kò sì ní parọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ìpolówó yẹn kò sọ. Pé oògùn ṣe yín ní jàǹbá kò tíì di ẹjọ́. Ohun tí ilé ẹjọ́ máa ń bèèrè ni pé: kí ni iléeṣẹ́ yìí mọ̀, ṣé ó sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń gbé oògùn mì? Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan ní àrùn rọpárọsẹ̀ lọ́dún 1976 nígbà tó ń lo irú oògùn yìí. Ìkìlọ̀ ara páálí rẹ̀ àti ìwé pélébé tí iléeṣẹ́ ṣe fún àwọn tó ń lò ó sọ pé ẹ̀jẹ̀ lè dì, pé ó lè gun ọpọlọ, pé ó tilẹ̀ lè pani. Ọ̀rọ̀ tí kò sí níbẹ̀ ni “rọpárọsẹ̀”. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́, ìyẹn àwọn aráàlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, dá obìnrin náà láre pé ìkìlọ̀ náà kò tó. Adájọ́ fagi lé e, ṣùgbọ́n lọ́dún 1985, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá ìdájọ́ àkọ́kọ́ padà: iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, kò tó kó sọ fún dókítà nìkan.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ tiyín ti lè mẹ́hẹ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló pe iléeṣẹ́ oògùn Bayer lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí rẹ̀ méjì, Yaz àti Yasmin, tí àwọn náà ní drospirenone. Ohun tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là ni iléeṣẹ́ náà fi parí ọ̀rọ̀, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Òórùn owó yẹn ni ọ̀pọ̀ ìpolówó ṣì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹrin ọdún 2012, FDA, àjọ tó ń ṣọ́ oògùn lọ́hùn-ún, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oògùn pé àwọn ìwádìí kan rí i pé ewu oògùn aládrospirenone lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn kan tó ṣáájú rẹ̀, bí àwọn ìwádìí mìíràn kò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀. Bí irú ìkìlọ̀ yìí bá wà nínú ìwé tiyín, iléeṣẹ́ máa ní, “A sọ fún un.” Nítorí náà, ẹ wá ìwé pélébé yẹn, kí ẹ kà á tinútòde.

Bí ìkìlọ̀ bá tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi hàn pé oògùn náà ló fà á. Ní London lọ́dún 2002, àwọn obìnrin kan pe ẹjọ́ lórí oríṣi oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mìíràn. Adájọ́ ní àfi kí ewu rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti oògùn àtijọ́ lọ. Ó wọn ẹ̀rí àwọn onímọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pàdánù. Wọ́n máa bi yín léèrè pẹ̀lú: ṣé ẹ rin ìrìn àjò jíjìn, ṣé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ìyá tàbí àbúrò yín lára rí? Ẹ sọ òótọ́ fún agbẹjọ́rò yín kí agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ náà tó hú u jáde.

Ìbéèrè nípa ìyá tàbí àbúrò yín yẹn lè gbé ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣé ẹni tó kọ oògùn fún yín bèèrè rẹ̀? Ṣé ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ṣé ó bèèrè nípa ẹ̀fọ́rí túúlu? Bí ìdáhùn yín bá jẹ́ rárá, tí ìtàn irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì wà nínú ẹbí yín, mo máa kà á sí pé ẹjọ́ yín lọ́dọ̀ rẹ̀ lágbára ju ti iléeṣẹ́ lọ.

Ẹ tọ́jú páálí, hóró tó ṣẹ́kù, ìwé dókítà àti èsì àyẹ̀wò. Ẹ má fi falẹ̀ o: ọdún mẹ́ta péré ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fúnni láti ọjọ́ téèyàn mọ ohun tó ṣe é, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ọdún kan. Ní ti fọ́ọ̀mù yẹn, kíkọ orúkọ síbẹ̀ nìkan kò sọ wọ́n di agbẹjọ́rò yín, kò sì dá àkókò dúró. Ẹ kọ̀wé bi wọ́n bóyá wọ́n ti gba ẹjọ́ yín, ìdá mélòó nínú owó ni wọ́n máa mú, àti ẹni tó máa san ìnáwó bí ẹ bá pàdánù. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá ẹlòmíràn.