Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Gíláàsì katakata mi ti funfun báláú

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Minneapolis níbí ni mò ń gbé, mo máa ń fọwọ́ kọ́ katakata àtijọ́ ní kékeré, ìdá kan nínú 16 ni mò ń lò. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni Minneapolis-Moline UDLX ti 1938. Mo ra Model U kékeré kan tí ò ní kébù, ìyẹn ilé tí dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí, mo wá ń kọ́ kébù lé e lórí. Òrùlé ẹ̀ tó rí roboto yẹn ò gbọ́ tèmi rárá, gbogbo ike tí mo bá tẹ̀ ló ń kán, gíláàsì tí mo sì fi súpágúlù lẹ̀, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ ó ti funfun báláú. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, inú mi dùn pé UDLX lo mú. Ìlú tó o wà yẹn gan-an ni orúkọ iléeṣẹ́ yẹn ti wá, iléeṣẹ́ mẹ́ta ló para pọ̀ di Minneapolis-Moline ní 1929. Ìgbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ṣì ń jókòó sórí àga irin ní gbangba, tí òjò ń pa wọ́n tí òtútù ń mú wọn, àwọn èèyàn yìí ṣe katakata tó nílé lórí, tó ní híítà, rédíò, wípà, àga fún ẹnìkejì, tó sì lè sá tó máìlì 40 ní wákàtí kan lójú títì, kí bàbá lè fi túlẹ̀ lóko kó tún fi gbé ìyàwó ẹ̀ lọ sígboro. Owó ẹ̀ ti wọ́n jù fún àgbẹ̀ tí ọrọ̀-ajé ṣẹ̀ṣẹ̀ fìyà jẹ, nǹkan bíi 150 péré ni wọ́n ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Súpágúlù ló ba gíláàsì ẹ jẹ́. Tó bá ń gbẹ èéfín máa ń jáde lára ẹ̀, ibi tí èéfín yẹn bá bà sí lára ike tó mọ́ gaara ló ń funfun, kébù tó ti pa dé ló tún wá burú jù torí èéfín ò ríbi gbà jáde. Yọ ọ́, gé òmíì. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ pépà ni kó o lò, á funfun lójú ẹ nígbà tó bá tutù, má bẹ̀rù, tó bá gbẹ á mọ́ gaara. Kó o sì kun ọ̀dà tán, kó gbẹ dáadáa, kí gíláàsì tó wọlé, òun ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Ti òrùlé, ike tútù lò ń tẹ̀, nǹkan tó bá sì tẹ̀ síwájú tó tún tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ṣe é tẹ̀ ní tútù. Gbẹ́ igi kan bí òrùlé yẹn, fi bọ́dífílà dí ojú igi, fi sáńpépà fá a títí á fi dán. Tí ike ẹ bá nípọn tó mìlímítà kan, jẹ́ kí igi fi mìlímítà kan kéré ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í tí òrùlé á wá tóbi ju kébù lọ. Ki ike bọ inú férémù, yá a níná díẹ̀díẹ̀, wọ gílọ́ọ̀fù kó o sì ṣí fèrèsé, bó bá ti ń rọ̀ wálẹ̀ báyìí ni kó o fà á bo igi.

Ohun kan tó o ò béèrè: fi páálí gé dẹ́rẹ́bà kan. Ẹni tó ga ní mítà 1.76 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11 gééré. Jókòó ẹ̀ sínú kébù kó o tó lẹ ohunkóhun, tí orí ẹ̀ bá kan òrùlé, o ti rí àṣìṣe nìyẹn. Má sì lẹ òrùlé pa, jẹ́ kó ṣeé ṣí, kí èèyàn lè rí rédíò àti híítà inú ẹ̀, torí wọn la ṣe ń kọ́ UDLX.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, England ni mo wà. Ṣé mo lè gbé kébù ńlá ti Ford 6600 sórí katakata kékeré tí mò ń kọ́, Ford 5000 ti 1968?

Ìdáhùn: Rárá o, ọdún wọn ò bára mu. Kébù ńlá tó o sọ yẹn, tí wọ́n ń pè ní Kébù Q, tí ò jẹ́ kí ariwo wọlé, 1976 ló dé. 1970 lòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní kébù tàbí férémù tó lágbára torí àwọn tí katakata ń dojú dé, Sweden ti ṣe tiwọn láti 1959. Fún 1968, férémù irin tí wọ́n fi tapolín bò ló yẹ ẹ́. Wáyà idẹ ni kó o fi ṣe férémù, kó o rẹ tíṣù sínú gọ́ọ̀mù funfun tó o ti bomi là, kó o fi bò ó, tó bá gbẹ kó o kùn ún. Má jẹ́ kó le pọnpọn, tapolín gidi máa ń sinmi wọlé díẹ̀ láàárín irin méjì.