iFR 0.86 kì í ṣe FFR 0.86

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní 0.86 ni rìsọ́ọ̀tì iṣan ọkàn bàbá, dókítà ń sọ̀rọ̀ stent (páìpù kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan là sílẹ̀), àmọ́ wọ́n sọ fún yín pé nọ́ńbà náà ò tíì wálẹ̀ dé 0.80. FFR àti iFR ni ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń wọn bí ibi tó fún nínú iṣan ọkàn ṣe ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ tó; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń dí i tó. 0.80 yẹn, ti FFR ni. iFR ló wà nínú rìsọ́ọ̀tì bàbá, ààlà tiẹ̀ sì ni 0.89, torí náà 0.86 ti bọ́ sábẹ́ ààlà, ó nídìí tí dókítà fi ń sọ̀rọ̀ stent.

Waya tín-ín-rín kan náà ni wọ́n ń tì wọnú iṣan ọkàn fún méjèèjì, sẹ́ńsọ̀ orí ẹ̀ á wọn prẹ́ṣọ̀ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ibi tó fún, wọ́n á wá fi wé ti iwájú. Àmọ́ FFR fẹ́ oògùn, adenosine ló wọ́pọ̀, ó sì lè jẹ́ kí àyà fún èèyàn pinpin bíi pé èémí ò délẹ̀, wọ́n máa ń ṣọ́ra gan-an tẹ́ni náà bá ní asthma. iFR ò lo oògùn yẹn, ìgbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ láàárín bó ṣe ń lù ló ń wọ̀n ọ́n. Fún àgbàlagbà, èmi fara mọ́ ọn. Ìwádìí ńlá méjì tó jáde ní 2017, DEFINE-FLAIR àti iFR-SWEDEHEART, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan iFR ò burú ju FFR lọ.

Àyà tó ń dun bàbá tí wọ́n bá ń rìn tó sì ń lọ tí wọ́n bá sinmi ni ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Tó bá jẹ́ heart attack ló gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ńbà yìí kọ́ ni wọ́n fi ń pinnu lórí iṣan tó fà á.

Ẹ ṣì bi dókítà bóyá bàbá ti lo oògùn àyà tó kí wọ́n tó ki stent bọ iṣan náà, torí nọ́ńbà nìkan ò tó.