Wọ́n ní kí n wá ṣe àlùfáà fún àwọn ọlọ́pàá: kí ni iṣẹ́ ọ̀hún gan-an?

Ìbéèrè: Pásítọ̀ ìjọ kékeré kan ni mí ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú wa ní kí n wá máa ṣe àlùfáà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ òun, láìgba owó. Ó wù mí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni màá máa ṣe? Ṣé mo lè wàásù fún wọn? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Pásítọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ́ iṣẹ́ ìjọ tèmi. Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn ò burú. Ẹni tí ẹ̀rù ò bà ló máa ń já wọ ibi tí wọn ò pè é sí.

Ẹ jẹ́ n ti orí ìwàásù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Rárá, ẹ ò ní wàásù. Kristẹni wà nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, àwọn tí kò sin nǹkan kan náà wà níbẹ̀, gbogbo wọn lẹ sì jẹ́ àlùfáà fún. Bí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ gbàdúrà fún òun, ẹ gbà á tọkàntọkàn. Bí kò bá béèrè, ẹ ṣáà jókòó tì í. Bó bá jẹ́ ìmáàmù ló fẹ́, ẹ bá a wá ìmáàmù. Ẹni tó bá torí àtikó èèyàn kún ìjọ rẹ̀ gba iṣẹ́ yìí, kó tètè padà sílé.

Kí lẹ óò wá máa ṣe? Ẹ óò máa yọjú sí wọn. Ẹ lọ sí téṣàn nígbà tí wọ́n bá ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, ẹ kí wọn, ẹ mọ orúkọ wọn. Ẹ bá wọn jókòó nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń yípo ìlú, pàápàá lóru, torí àwọn oníṣẹ́ òru kì í sábà rí ẹni yà kí wọn. Ọlọ́pàá kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ eyín ọmọ rẹ̀ tó ń ká nìkan la jọ sọ fún bí oṣù mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó páàkì, kò pa ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ iwájú, ó ní, “Pásítọ̀, mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà tá a ti gbé ọmọ yẹn jáde nínú omi.” Ká ní a ò sọ ti eyín, kò ní sọ ti omi fún mi.

Bí oorun bá dá lójú èèyàn fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ bó bá lé lóṣù kan tí ìran náà ṣì ń padà wá bá a, tí ariwo kékeré ń mú un ta gìrì, ẹ bá a wá oníṣègùn ọpọlọ, kẹ́ ẹ máa gbàdúrà lọ. Bí ara bá fu yín pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, ẹ bi í tààrà. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Láti oṣù keje ọdún 2022 ni nọ́ńbà 988 ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún irú èyí ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ẹ má fi nọ́ńbà lé e lọ́wọ́ kẹ́ ẹ wá máa lọ. Ẹ dúró tì í.

Ọ̀gá lè bi yín lọ́jọ́ kan pé, “Kí ni lágbájá sọ fún yín?” Ẹ ní kó lọ bi lágbájá. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ kan bá jò láti ẹnu yín, iṣẹ́ yín ti parí nìyẹn. Síbẹ̀, ẹ má ṣèlérí ju agbára yín lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì, tàbí bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì lórí àṣírí tí àlùfáà lè pa mọ́. Ẹ ní kí lọ́yà la tiyín yé yín, kẹ́ ẹ sì máa sọ ibi tó mọ fún ẹni tó fẹ́ rojọ́ kó tó lanu.

Èyí tó wúwo jù ni lílọ túfọ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ má ṣe é lórí fóònù. Kẹ́ ẹ jẹ́ méjì, ẹ̀yin àti ọlọ́pàá kan. Ẹ rí i dájú pé ẹni tẹ́ ẹ wá bá nìyẹn, ẹ wọlé, kó jókòó, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ láàárín gbólóhùn kan sí méjì. Àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ ikú bò: ó papò dà, ilẹ̀ ṣú. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá ní “a pàdánù rẹ̀,” ìyá á ní kẹ́ ẹ padà lọ wá a. Ẹ dárúkọ ọmọ náà, kẹ́ ẹ ní ó ti kú. Ẹ má mú ẹrù tí olóògbé fi sílẹ̀ dání lọ. Mo rántí obìnrin kan tó ṣubú lulẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ tán. Omi tó gbé kaná ń hó, kẹ́tù ń súfèé. Ohun tọ́wọ́ mi ká kò ju kí n lọ pa iná, kí n sì padà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A ò kúrò títí àbúrò rẹ̀ fi dé. Mi ò sọ fún un pé Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́.

Ní ti bíbẹ̀rẹ̀: wọ́n á wádìí yín, wọ́n á gba ìtẹ̀ka yín, wọ́n á sì fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ International Conference of Police Chaplains, tó ti wà láti ọdún 1973, ń dá àwọn àlùfáà ọlọ́pàá lẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ. Ẹ gba ẹ̀wù ayẹta, kì í ṣe ìbọn. Níbi ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ dúró lẹ́yìn okùn tí àwọn ọlọ́pàá ta yí ibẹ̀ ká títí wọ́n á fi pè yín, ẹ má ya fọ́tò, ẹ má bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ẹni tó máa sanwó ìtọ́jú bẹ́ ẹ bá fara pa. Ẹ sọ fún àwọn alàgbà ìjọ àti ìdílé yín pé fóònù á máa dún lóru, kẹ́ ẹ sì wá ẹnì kan tẹ́yin náà á máa rò fún.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ ní kí ọ̀gá náà jẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn jáde fún òru kan, látalẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ ẹ bá jí lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ̀wé sí mi.