Owó Orí Tọkọtaya àti Iṣẹ́ Obìnrin

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo kà á pé ọ̀nà tí ìjọba ń gbà gba owó orí lè mú kí abilékọ fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀. Báwo ni, nígbà tí òfin náà kò dárúkọ obìnrin?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń da owó tọkọtaya pọ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó orí, bíi Jámánì, owó ẹni tí tirẹ̀ kéré máa ń gorí ti ẹnìkejì rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìdá tó ga ni ìjọba ń yọ nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin ló sábà máa ń jẹ́ ẹni yẹn. Bí ó bá sì tún san owó ìtọ́jú ọmọ, ohun tó kù lè má tó nǹkan. Sweden yí òfin tirẹ̀ padà ní 1971, kí oníkálukú lè máa san tirẹ̀ lọ́tọ̀, àwọn abilékọ tó ń ṣiṣẹ́ sì pọ̀ sí i.

Owó orí nìkan kọ́. Claudia Goldin, tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2023, fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá dé ni àlàfo tó wà láàárín owó iṣẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin máa ń fẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí ètò ìtọ́jú ọmọ olówó pọ́ọ́kú tí Quebec, ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ ní 1997: ọ̀pọ̀ ìyá ló tibẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́.