Sí ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ ijó òrìṣà ní Salvador: bi wọ́n nípa ilẹ̀ gbọ̀ngàn ijó kó o tó sanwó

Àbúrò, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ lọ ṣe wọ́kíṣọ́ọ̀pù ijó òrìṣà fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Salvador, ní Bahia, ní Brazil lọ́hùn-ún, ní January, o wá ń bèèrè bóyá dandan ni kó o ti mọ ijó náà tẹ́lẹ̀, torí pé ọmọ Yorùbá ni ẹ́, ìyá bàbá rẹ sì bọ Ọ̀ṣun. Màá dá ẹ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti orúnkún mi, torí àtìgbà tí mo ti ka ohun tó o kọ ni orúnkún ọ̀tún yìí ti ń ro mí.

Ọdún 2018 ni mo lọ, láti London. Físà, tíkẹ́ẹ̀tì, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ibi tó o máa sùn, ìyẹn ò le, wàá rí i ṣe.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí, táìlì ni wọ́n tẹ́ sórí kọnkéré, ó le, kì í gba ẹsẹ̀ mọ́ra bíi pákó. Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ijexá la fi bẹ̀rẹ̀, ìlù Ọ̀ṣun, tìwa náà nìyẹn, Ìjẹ̀ṣà, ó tutù, ó dùn, ara mi yá gágá, mo rò pé mo ti débẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbé opanijé kalẹ̀, ìlù Ọmọlú, Ọbalúayé wa. Àbúrò mi, ijó Ọmọlú kì í ṣe ijó ìdúró o. Wàá tẹ̀ síwájú, wàá lọ sílẹ̀, wàá nawọ́ sílẹ̀, wàá nawọ́ sókè, wàá tún lọ sílẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ lásán lórí táìlì, wákàtí kan àtààbọ̀ láìsí ìsinmi, a ju ogún lọ, ooru mú bí ẹni wà nínú ààrò. Ìgbà tó yá mo gbọ́ kàú nínú orúnkún mi. Kò tíì dùn mí púpọ̀ nígbà yẹn, ó kàn gbóná. Mo lọ bá obìnrin tó ṣètò ìrìn àjò náà, ará London bíi tèmi, kì í ṣe ará Bahia, mo ní orúnkún mi ń ṣe bákan. Ó gbé ọwọ́ lé mi láyà, ó ní Ọmọlú ló ń ṣiṣẹ́ lára mi, ìnira àtijọ́ ló ń jáde, kí n má dí i lọ́nà.

Mo sì gbà á gbọ́. Èmi tí wọ́n fi orúkọ òrìṣà yìí dẹ́rù bà láti kékeré, tí mo mọ̀ pé ilé wa ò gbọdọ̀ dárúkọ ẹ̀ ní ọ̀sán gangan, mo gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ò gbọ́ gbólóhùn Yorùbá kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún fi jó lórí ẹ̀. Lálaalẹ́ ni orúnkún ń wú, láàárọ̀ màá fi aṣọ dì í. Ọjọ́ keje la wá jó ti Ọya, ìlù tí wọ́n ń pè ní ilu, ó yára bí ìjì, mo yí, ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Mo ṣubú. Bàbá àgbà kan tó ń lu rum, ìlù tó tóbi jù níbẹ̀, ló dáwọ́ dúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti balẹ̀. Òun ló ní kí wọ́n gbé yìnyín wá, ó ní kí n jókòó ti ìlù, kí n máa gbọ́. Obìnrin oníṣètò yẹn ní mo ti fọwọ́ sí ìwé, kọ́bọ̀ ò sì padà sọ́wọ́ mi títí dòní.

Nígbà tí mo délé, dókítà fún mi ní oògùn ìrora, ó ní kí n lọ sinmi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kí wọ́n tó ya orúnkún mi ní fọ́tò MRI! Meniscus ti ya, ohun rírọ̀ tó máa ń wà láàárín egungun orúnkún. Físíò tó kọ́kọ́ rí mi fún mi ní ìwé tí wọ́n ya àwòrán sí, irú èyí tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn, ó ní kí n má lóṣòó mọ́ láyé mi. Kò béèrè irú ijó tí mo jó. Inú ṣì ń bí mi. Ẹnìkejì ló ní dìde, jó o kí n wò ó, ló bá rí i pé orúnkún ni mo fi ń lọ sílẹ̀, kì í ṣe ìbàdí, àyà mi le, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ dáadáa. Oṣù mẹ́jọ la fi tún un kọ́.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó o tún béèrè ẹni tó kọ́ tíṣà rẹ. Wọ́kíṣọ́ọ̀pù yìí kì í ṣe ojúbọ, iṣẹ́ àwọn oníjó ni. Mercedes Baptista, oníjó ará Brazil, wọ ẹgbẹ́ báléètì Theatro Municipal ní Rio ní 1948, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọn ò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó gorí ìtàgé. Katherine Dunham, oníjó dúdú ará America, ló fún un láǹfààní láti wá kàwé ní New York, Dunham tó ti lọ sí Haiti láti 1935 tó wọ inú ẹ̀sìn Vodou fúnra ẹ̀, tó fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe ọ̀nà ìkọ́ni tó ní ìgbà ìmúra ara. Mercedes padà sílé, ó dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀ ní 1953, ó gbé ijó candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti Brazil, lọ sórí ìtàgé. Ní Salvador, ilé ẹ̀kọ́ ijó yunifásítì Bahia wà láti 1956, Mestre King, tíṣà ijó tó kú ní 2018, sì kọ́ àìmọye èèyàn. Augusto Omolú, oníjó ará Bahia, gbé ijó òrìṣà dé Denmark. Rosangela Silvestre, oníjó ará Bahia náà, ní ọ̀nà ìkọ́ni tiẹ̀. Ẹni tó bá wá láti ọ̀dọ̀ irú àwọn wọ̀nyí á kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gbóná ara kó tó sọ pé kó o lóṣòó. Ẹni tó bá ní wọ́kíṣọ́ọ̀pù máa fún ẹ ní àṣẹ, tàbí pé òrìṣà máa gùn ẹ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, má fún un lówó.

Má ya fọ́tò nínú terreiro, ilé ìjọsìn candomblé, wọ́n lè lé ẹ jáde. Mú aṣọ funfun dání, lọ́jọ́ Friday lo máa rí i pé ìlú fẹ́ràn ẹ̀ torí Oxalá, Òrìṣàńlá wa. Tí àyè bá gbà, dúró di February 2, wọ́n ń kó ẹ̀bùn lọ fún Yemọja lójú òkun ní Rio Vermelho. Mi ò rí i, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà.

Ìbéèrè rẹ gan-an wá ńkọ́. Rárá, kò pọndandan kó o mọ̀ ọ́n. Etí rẹ á ràn ẹ́ lọ́wọ́: xirê ni ṣiré, ofá ni ọfà, abebê Oxum ni abẹ̀bẹ̀ Ọ̀ṣun. Orin náà lo máa mọ̀ díẹ̀díẹ̀, ohùn ti yí, má sì ṣe máa tún un ṣe fún wọn, àwọn tó pa á mọ́ ju àwa tó sọ ọ́ nù lọ. Ẹsẹ̀ ò ní ràn ẹ́ lọ́wọ́ sha. Èmi tí mo ti jó bàtá nílé, mo rò pé ìyẹn tó, bàtá ò sí níbẹ̀ rárá, Kúbà ni bàtá dé. Rum, rumpi àti lé, ìlù mẹ́ta, ni tiwọn, agogo sì ń tọ́ wọn sọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ rum torí òun ló ń bá oníjó sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fi fóònù lásán kọ́ ẹ láìsí onílù, padà sílé.

Oṣù méjì ṣáájú ìrìn àjò, máa lóṣòó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ìbàdí máa gbé ẹ. Kí o sì kọ̀wé sí wọn lónìí kó o tó san ìdajì owó yẹn, ṣé pákó ni ilẹ̀ gbọ̀ngàn wọn. Tí wọ́n bá fi fídíò ránṣẹ́, gbé e síbí, màá bá ẹ wò ó.